Sàhéèd, Ẹni Tó Ń Gé Fíìmù

Nígbà tí Sàhéèd ọmọ Ìwó wọ Jẹ́dà fún Úmúrà lọ́dún 1991, ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò. Ọdún márùn-ún kọjá, kò padà. Ó ti fọ ìkòkò ní Mínà lásìkò Hájì, ó ti gbé àpótí nílé ìkẹ́rùsí ní Bahra, kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ ní, lápò rí. Ohun tó yọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ẹ̀rọ fídíò tún ṣe, àti Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nílé ìwé girama.

Abdullatif, tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Jẹ́dà, fi í sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú rẹ̀: ọ̀kan ń fi fíìmù hàn, ìkejì ń gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí ibi tí òfin kò gbà bá ń bọ̀, Sàhéèd á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ kejì á dúró títí ibẹ̀ á fi kọjá. Ìfẹnukonu, ọtí, àgbélébùú, gbogbo rẹ̀ ló ń gé. Kò fi ọkàn sí i. Iṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wọn kan tó ń jẹ́ Fadl gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá. Tísà Gẹ̀ẹ́sì ni Fadl, ó ti kàwé ní Amẹ́ríkà.

"Àwọn tó ṣe é kò lówó lọ́wọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ korò bí ewúro. Ohun tí kò yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín sí ni wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀. Ibi tó bá ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ gé e. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn."

"O gbọ́?" ni Abdullatif wí fún Sàhéèd. "Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù yìí wà lọ́wọ́ rẹ."

Sàhéèd ti ilẹ̀kùn, ó tan ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ inú fíìmù náà, bàbá rẹ̀ sì ń gbẹ́ òkúta ibojì. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà bá ti yọ ṣùtì sí i, á wọlé lọ gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta, á fi ọjọ́ ikú sí i. Sàhéèd bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ọmọkùnrin gìrìpá kan dìde láàárín kíláàsì, ó so súwẹ́tà mọ́ ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìrìn ọmọ náà jẹ. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Sàhéèd kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìwó ni, lọ́dún 1989. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri àdúgbò pé Jamaldeen àbúrò rẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọmọkùnrin kan. Sàhéèd gba gèlè obìnrin kan, ó so ó mọ́ ìdí, ó rìn bíi Jamaldeen, ó sọ̀rọ̀ bíi Jamaldeen. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tó yíjú padà ló rí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwo ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Jamaldeen kúrò nílé, kò sì padà wá.

Nínú fíìmù náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀. Ó jókòó síwájú òkúta tí wọn kò tíì kọ orúkọ sí, ó sọ fún un pé ọ̀rẹ́ òun lòun fẹ́ràn, àti pé ó ti rẹ òun láti máa jẹ́ ẹ̀rín fún gbogbo ìlú. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Sàhéèd gé. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì tuntun, ó gé gbogbo ìsínjẹ kúrò, ó fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ásárì, Fadl wá gba ẹrù rẹ̀. Bó ti ń dúró, àwọn ọkùnrin méjì tó ń yẹ fídíò wò fún ìjọba wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Abdullatif àti Fadl tẹ̀ lé wọn. Sàhéèd dìde. Bí wọ́n bá bèèrè ìkámà, ó parí nìyẹn.

Wọn kò bèèrè. Èyí àgbà nínú wọn nawọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ. "Tàn án."

Ọmọ náà yọ, ó jókòó síwájú òkúta, ó ń sọ̀rọ̀.

"Kí ló ń sọ?"

Sàhéèd mọ̀ pé Fadl gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn òun. Ó dáhùn lédè Lárúbáwá: "Ó ní ìlú fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ẹni tí òun lè fọ̀rọ̀ lọ̀."

Ọkùnrin náà yíjú sí Fadl. "Ìwọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Fadl wo Sàhéèd.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ohun tó sọ nìyẹn."

"Mísíkíìnì," ni ọkùnrin náà wí, bí ẹni ń káàánú aláìní. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jáde.

Sàhéèd jókòó sílẹ̀. Fadl wá ṣàlàyé ohun tí ọmọ inú fíìmù náà sọ gan-an fún Abdullatif.

"Ṣé o fẹ́ bà mí jẹ́ ni?" ni Abdullatif bèèrè. "Kí nìdí?"

"Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá," ni Sàhéèd wí. "Mo ní àbúrò kan."

Abdullatif kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Sàhéèd lọ sí Mẹ́kà, ó ríṣẹ́ aṣọ ibùsùn fífọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Ash-Shubaikah. Ìyá wọn ti fi nọ́ńbà ibi tí Jamaldeen ti ń ránṣọ ní Ìbàdàn ránṣẹ́ sí i tipẹ́, kò pè é rí. Lọ́jọ́ kẹrin tó dé ibẹ̀, ó wọ ilé tẹlifóònù.

"Jamal, èmi ni. Sàhéèd."

Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń dún lọ́hùn-ún.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Ṣé Ìyá kú ni?"

"Rárá o. Nítorí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn ni mo ṣe pè. Ohun tí mo ṣe kò dáa. Mo tọrọ àforíjì."

"Ọdún méje, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má retí pé kí n ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe mí ní nǹkan." Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pè lọ́jọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí."

Ó pè lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó sì ń pè lọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún Ìyá tó ń dùn ún ni wọ́n sábà máa ń sọ, tàbí ti òjò. Lọ́dún 1998, wọ́n mú Sàhéèd níbi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Bahra, wọ́n dá a padà sílé. Nígbà Iléyá ọdún kejì, Jamaldeen wá sí Ìwó, ó sùn mọ́jú ọjọ́ kan péré. Bàbá wọn, tí kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn, kò jáde sí i. Sàhéèd gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ yàrá ìyá wọn lọ bá àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́.