Géèmù tí mo pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ojú ń tì mí láti padà síbi iṣẹ́ lọ́la.

Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa ní Ìdímù lónìí, mo ń bú géèmù kan, níbi tí ọlọ́pàá ti ń wá apààyàn nílùú àwọn róbọ́ọ̀tì.

Mo ní, "Mo ti ṣe é parí. Kò sí ìjà kankan níbẹ̀, èèyàn á kàn máa tẹ nǹkan kiri ni jàre!"

Mo bá pa á rẹ́ lójú gbogbo wọn.

Ni Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń bá wa tẹ̀wé, bá figbe ta.

"Háà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ṣe é, ó sì ku díẹ̀ kí n parí ẹ̀! Ó dáa, ta wá ni apààyàn ọ̀hún?"

Mi ò mọ̀. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ gan-an, mi ò rí i ṣí.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é parí lóòótọ́ nínú yín? Ẹ sọ fún mi, kí n lè lọ sọ fún un.