Ìwé Ìdáríjì Tí Mo Kọ Lórí Ibùsùn

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti ilé tí à ń gbé dé ilé ìkàwé. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi mọ Kaduna nígbà tí ìjọba gbé mi wá síbẹ̀ láti wá ṣe olùkọ́. Kò sí òpópónà kan ní Barnawa, àdúgbò wa, tí bàtà mi kò tẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti ìyàwó mi máa ń rìn ní ìrọ̀lẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ọsàn ní oríta, a ó ra díẹ̀, a ó sì padà. Ìrìn yẹn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbà lọ́wọ́ mi.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ará ìlú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ já sójú títì láìwo ẹ̀gbẹ́, ó kọ lù wá. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fara gbọgbẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi kán.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ náà wá bá mi ní ọsibítù. Àlàájì tó ń ta pákó ní ọ̀nà Mando ni, kò sì fi ju ọdún méjì lọ dàgbà jù mí. Ó kó àgbà mẹ́rin lẹ́yìn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní Kaduna níbí, bí àgbàlagbà bá bẹ ènìyàn báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo sọ ọ́ ní Háúsá kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Na yafe." Mo ti dárí jì í. Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúpẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi ọmọ náà tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ìlà méjì péré ni ọlọ́pàá ń fẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ń yún mi. Mo kọ odindi ojú ìwé kan bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo ní mo dárí jì í pátápátá nítorí Ọlọ́run, pé n kò béèrè ohunkóhun, n kò sì ní béèrè láéláé, lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó jẹ mọ́ ọn. Ọlọ́pàá kà á, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o!" Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tí wọ́n tú P.O.P. tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi, wọ́n rí i pé egungun ti jinná ní wíwọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n la ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n fi irin tò ó. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá méjì ni n ó máa fi rìn títí n ó fi kú. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò lè gbé e. Àlàájì ti san owó ọsibítù àkọ́kọ́, ojú sì ń tì mí láti tún na ọwọ́ sí i.

Ìyàwó mi ló béèrè pé, "Ṣé ọkọ̀ yẹn kò ní ìnṣọ́ránsì ni?"

Ó ní. Mo gba fọ́ọ̀mù. Mo kó rìsíìtì, àwòrán egungun àti ìwé dókítà jọ, mo sì tò wọ́n sínú fáìlì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀léra. N kò gba lọ́yà. Mo ní, kí ni mo wá kàwé fún? Ní ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì, mo bá ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sọ Yorùbá, ó gbọ́, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ó yẹ fáìlì mi wò, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan tó ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá yọ nínú fáìlì tirẹ̀. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀ kí n tó fi awò sójú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ní ẹ ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó jẹ mọ́ ọn. Àwa náà jẹ mọ́ ọn, sà. Ká ní ẹ kọ ọ́ játijàti ni, à bá rí nǹkan sọ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti yéni jù."

Owó oògùn oṣù kan ni wọ́n fẹ́ fún mi, bí mo bá lè fọwọ́ sí ìwé kan pé ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ka ìwé náà nílé, wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé ìdáríjì mi kún un.

Ìyàwó mi ka ẹ̀dà ohun tí mo kọ fún ọlọ́pàá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bọ́ awò rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò kọ lẹ́tà tó dùn tó báyìí sí mi rí."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ìwọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹsẹ̀ yẹn náà ni mò ń sọ. Ẹ lọ bá Àlàájì."

"Kí n sọ kí ni fún un? Pé mo ti gba ìdáríjì mi padà?"

Ohun tó ń dá mi dúró gan-an nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti àgbà mẹ́rin. Mo fi ìwé ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà sábẹ́ Bíbélì, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi wọ bàtà, ó mú àpò, ó lọ ra ọsàn. Òun nìkan ni. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Mando.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Àlàájì láàárín pákó rẹ̀, n kò sì gbójú sókè. Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀rù ń bà mí kó má baà dà bí ẹni pé n kò dárí jì í tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, Baba! Ọdọọdún ni mò ń sanwó fún àwọn ènìyàn yẹn. Kí lẹ rò pé mò ń san án fún?" Ó ké sí ọmọ rẹ̀ kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá, ó ní, "Ẹ wọlé, ká lọ."

Ọmọ náà ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ. Ní ọ́fíìsì náà, Àlàájì kò jókòó. Ó dúró níwájú tábìlì ọ̀dọ́bìnrin yẹn, ó tọ́ka sí mi.

"Ta nínú yín ló wá bẹ Bàbá yìí ní ọsibítù?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ojú mi, ó wo tirẹ̀. "Kò sí ẹnikẹ́ni, Àlàájì."

"Ta nínú yín ló bọ́ bàtà?"

"Kò sí."

"Ìgbà wo ló wá dárí jì yín?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ wa jálẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi, àti pé àárín ìdílé àwọn àti èmi nìkan ni ìdáríjì náà wà, kí bàbá tó ni ọkọ̀ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni. Mo rí àṣìṣe méjì níbẹ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó pè mí. Iye tí wọ́n fẹ́ san tó láti la ẹsẹ̀, ó tó ra irin, ó sì tó oògùn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní kí ọ̀dọ́bìnrin náà tún un sọ, kì í ṣe pé n kò gbọ́. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi lọ fọwọ́ sí ìwé. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ohun mìíràn láti sọ. Mo gbé bírò dúró lókè àyè náà.

"Bàbá," ìyàwó mi ní, "orúkọ yín nìkan o."

Mo kọ orúkọ mi. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀pá kan ṣoṣo ni mò ń lò báyìí, irin inú ẹsẹ̀ mi sì máa ń rán mi létí ara rẹ̀ nígbà ọyẹ́. N kò lè rìn bí mo ṣe ń rìn nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ta ló sì lè rìn bẹ́ẹ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé oríta padà, ọlọ́sàn fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo jókòó lé e, mo mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni Àlàájì ti pè mí lórí fóònù láti béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe rí. Mo ní kó dúró, kí n kọ́kọ́ bó ọsàn mi tán.