Ẹni Tó Ń Sá fún Àdúà

Hàbíbátù kì í pẹ́ nínú ilé kan. Láti ìgbà tí òun àti Sùrájù ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó, wọ́n ti gbé Mùṣín, wọ́n ti gbé Agége, wọ́n ti gbé Ṣáṣá, kí wọ́n tó dé Ẹgbẹ́dá. Tí ẹ bá bi í, á ní iṣẹ́ ọkọ òun ló fà á. Bíríkìlà ni Sùrájù, àsìkò yẹn sì ni owó epo gba ìgboro, tí ẹni tó ń gbé yàrá kan lánàá ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí, tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá ń tò létí òkun bí ẹni ń tò fún omi ẹ̀rọ. Ibi gbogbo ni iṣẹ́ wà. Irọ́ kọ́ ni Hàbíbátù ń pa, àmọ́ kò sọ òótọ́ ibẹ̀. Àdúà ló ń lé e kiri.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tí obìnrin bá kó dé ilé tuntun, "Ìyàwó" ni wọ́n máa ń pè é, orúkọ dáadáa ni. Tó bá yá, ó yẹ kí wọ́n máa pè é ní ìyá ẹnì kan. Hàbíbátù kò bímọ. Nítorí náà, "Ìyàwó" yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ọbẹ̀ tí a ò gbé kaná, àánú á wọ inú rẹ̀, àdúà á sì tẹ̀ lé e. Ó lọ pọnmi, "Ìyàwó, a máa bá ẹ gbọ́mọ jó láìpẹ́ o." Àmín. Ó lọ ata, "Ìbejì ni, Ìyàwó." Àmín. Bó ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀ pàápàá, ẹnì kan wà lọ́nà tó fẹ́ ṣe tirẹ̀. Kò síkà nínú wọn. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí a kì í bá ẹni tó ń ṣúre fúnni jà. Àmín tí Hàbíbátù ti ṣe láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ á kún àgbá.

Irun ló ń dì. Ó mọ ṣùkú, ó mọ kọ̀lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ọwọ́ ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Àléébù kan ló ní: dídì rẹ̀ a máa le. Ọmọ mìíràn á dìde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú á nà tantan. Àwọn ìyá ọmọ ní ó dára bẹ́ẹ̀, irun tó bá le ló ń pẹ́ lórí.

Ní sáà yẹn, tíṣà kan tó ń jẹ́ Ọláwùmí, ọmọ Èkìtì, gbé ètò kan kalẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò, ó pè é ní Ọjọ́ Ire. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, á pè é wá sílé ìwé, á sì ṣúre fún un níwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n ṣúre fún ni yóò kọ́kọ́ ṣe àmín, kí ilé ìwé tó gbè é. Tíṣà sì kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lọ há àdúà sórí lásán. Kí wọ́n wo ojú ẹni tí wọ́n mú dáadáa, kí wọ́n mọ ohun tó ń fẹ́.

Àdíját, ọmọ tí wọ́n jọ ń gbélé, mú Hàbíbátù. Ẹ̀yìnkùlé ló ti sọ fún un, orí rẹ̀ wà láàárín itan onídìrí.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni mo mú o. Fún Ọjọ́ Ire, lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ìyá Àdíját tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, Ìyàwó. Àdúà ọmọdé kì í bọ́ sílẹ̀ ṣá. Ìbejì la máa tọrọ."

"Àmín," ni Hàbíbátù wí.

Àdíját ní "Yéè," ó sì fi ọwọ́ gbá orí mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Hàbíbátù kò ti balẹ̀ mọ́. Ó gbá ilẹ̀ tán, ó tún un gbá. Ó gbé ìrẹsì kaná, ó jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi jóná. Àdúà ẹnì kọ̀ọ̀kan ti sú u tó, wàyí odidi ilé ìwé fẹ́ kéde rẹ̀ bí ẹni tó sọnù. Nígbà tí Sùrájù ti ibi iṣẹ́ dé, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Yàrá tí ẹ ní ó ṣófo ní Ìyànà Ìpájà ńkọ́?"

Sùrájù wò ó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti fẹ́ fún un níyàwó mìíràn títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Kíkó kiri yìí nìkan ni kò mọ bí yóò ti kọ̀ ọ́.

"Ó dáa," ó wí. "Ká kó lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Kó jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù."

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Sùrájù ti lọ ṣáájú láti gbá yàrá. Múdàṣírù, ọmọ ìlú wọn tó ní pikọ́ọ̀pù, ni kò tètè dé. Ó ti tò sílé epo láti ìdájí, nílùú tó ń ta epo fún gbogbo ayé. Kí wọ́n tó di ẹrù tán, oòrùn ti mú, Àdíját sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ìwé.

"Àǹtí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀." Ó wo ẹní àti ìkòkò tó wà nínú ọkọ̀. "Àbí ẹ̀ ń kó lọ ni?"

Hàbíbátù fa okùn ẹrù le. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà, kò sì kúrò lọ́nà. Ta ni í kọ ire lọ́wọ́ ọmọdé? Hàbíbátù ní kí òun kúkú lọ ṣe àmín ìkẹyìn yìí, kí òun máa bá tòun lọ.

"Múdàṣírù, dúró níwájú ilé ìwé. Má pa ẹ́ńjìnnì o."

Èrò ti kún pápá. Ọmọ kan tọrọ pé kí táyà kẹ̀kẹ́ bàbá tó ń ta búrẹ́dì má jò mọ́, àmín tí bàbá yẹn ṣe pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe Àdíját. Ìyá rẹ̀ wà níwájú pátápátá, ètè rẹ̀ ti ń bá ọmọ sọ ọ́. Hàbíbátù di etí gèlè rẹ̀ mú, ó ń dúró de ìbejì.

"Màmá mi ti kọ́ mi ní ohun tí mo máa tọrọ," ni Àdíját wí. "Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ká wo ojú ẹni tá a mú. Èmi kì í rí ojú Àǹtí, ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń wà tí wọ́n bá ń dìrun fún mi. Ọwọ́ wọn ni mo mọ̀. Tí wọ́n bá ń kọrin, ọwọ́ wọn máa ń rọ̀. Tí ẹnì kan bá ti ní Ọlọ́run á fún wọn lọ́mọ, ọwọ́ wọn á le, orí á sì máa dùn mí di ọjọ́ kejì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdíját wolẹ̀.

"Torí náà, mi ò tọrọ ìyẹn. Àǹtí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa tù yín lára. Kí ọwọ́ yín rọ̀. Kí ẹ má kó lọ."

Gbogbo ilé ìwé yíjú sí Hàbíbátù. Àmín tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó wá a, kò rí i. Ojú tì í, inú bí i sí ọmọ náà, ó sì fẹ́ fà á mọ́ra. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹlòmíràn tí kò tíì dé ni gbogbo ayé ń bá a tọrọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ òun alára rí. Lóde, Múdàṣírù fun fèrè ọkọ̀.

"Ẹ̀yin là ń dúró dè, Mà," ni Tíṣà Ọláwùmí wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Àmín," ni Hàbíbátù wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó tún un ṣe, ilé ìwé sì gbè é.

Nígbà tó jáde, Múdàṣírù ti na ọwọ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

"Yí orí ọkọ̀ padà," ó wí. "Ilé là ń lọ."

"Ìyàwó wa, Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ńkọ́? Wọ́n ti ń retí wa ní Ìyànà Ìpájà."

"Tó o bá já ẹrù tán, lọ gbé àwọn náà wá."

Sùrájù dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí ẹní níbi tó ń wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fóun.

Ẹgbẹ́dá ni Hàbíbátù wà títí ewú fi gba orí rẹ̀. Ìyá Àdíját kò dárúkọ ìbejì fún un mọ́, àwọn yòókù ṣì ń ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò kó ẹrù nítorí wọn mọ́. Mo mọ ohun tó wà létè yín. Ẹ fẹ́ bi mí bóyá ó padà bímọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú orí Àdíját.