Ibùsùn Ìyá Àgbà Tó Di Ilé Adìẹ

Òórùn òrí ni ilé adìẹ wa máa ń rùn láràárọ̀. Mo mọ̀ pé ilé adìẹ tí ẹ̀yin mọ̀, ìgbẹ́ adìẹ àti àgbàdo tó ti bu ló ń rùn. Tiwa náà ń rùn bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn àárọ̀ bá ti yọ lókè òrùlé Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa, tó sì bà lé pákó ilé náà, òórùn òrí àti káńfọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí arúgbó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ń fi òrí ra orúnkún. Òórùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, gan-an ni. Ìyá Àgbà sì ti kú.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já. Ibùsùn Ìyá Àgbà la fi kan ilé adìẹ náà. Nígbà tí wọ́n sin wọ́n tán nílé wọn ní Òkè-Ogbó, ní Ifẹ̀ níbí, wọ́n sun ẹní wọn, wọ́n da ìrọ̀rí wọn nù, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn sórí ibùsùn yẹn. Bùọ̀dá Kọ́lá, àbúrò ìyá mi, káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìrókò gidi rèé! Ṣé kí ikán wá jẹ ẹ́ ni?" Ni wọ́n bá tú u palẹ̀, wọ́n fi pákó rẹ̀ kan ilé fún àwọn adìẹ tí Ìyá Àgbà fi sílẹ̀. Ìyá Ráfíù dúró lẹ́yìnkùlé tiwọn, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní, "Kọ́lá, o ò rí igi mìíràn ní gbogbo Ifẹ̀?" Bùọ̀dá Kọ́lá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní adìẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ogún.

Ìpetumodù là ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí Màámi ti ń ṣe tíṣà. Nígbà tí àìsàn Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Màámi. Màámi ní ọjọ́ Jímọ̀ làwọn máa wá, tí ìdánwò àwọn ọmọ bá ti parí. Ìyá Àgbà ò dúró de ọjọ́ Jímọ̀. Ohun tó gbé wa wá sí Òkè-Ogbó nìyẹn, èmi àti Màámi, nítorí iṣẹ́ bàbá mi wà ní Kàdúná. Màámi ní àwọn ò ní jẹ́ kí ilé ìyá àwọn di ahoro. Wọn kì í dárúkọ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a sílẹ̀, wọ́n á dìde lọ wá nǹkan gbá.

Ìyá Àgbà ní òwe kan tí wọ́n fi máa ń bá àwọn tó ń pa ìrora mọ́ra wí: "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Wọ́n á pa á fún ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fẹ́ràn adìẹ púpọ̀, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni Adúmáadán, àgbébọ̀ dúdú kan tó ń dán yinrin. Òun ni adìẹ àkọ́kọ́ tó yé ẹyin sínú ilé tuntun yẹn. Ó sàba lórí ẹyin ní igun kan nínú rẹ̀, níbi pákó tí orí Ìyá Àgbà máa ń wà bí wọ́n bá sùn. Mo mọ pákó náà dáadáa, nítorí òróró irun wọn ti sọ ọ́ di dúdú.

Èmi ni mo ń kó adìẹ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin adìẹ rí mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, adìẹ fúnra rẹ̀ á gba ilé lọ, tìrẹ ò ju kí o ti ilẹ̀kùn. Àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, tí mo bá gbogbo wọn níwájú ilé wọn. Wọ́n dúró, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọn ò jẹ̀, wọn ò ké. Àkùkọ na ọrùn, ó yọjú wo inú ilé, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Mo lé wọn, wọ́n tú ká, wọ́n tún padà wá dúró síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí Adúmáadán ń kérora nínú òkùnkùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo inú ilé, òórùn òrí sì fẹ́ sí mi lójú, ó gbóná bí èémí èèyàn.

Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀ mọ́. Mo pariwo, "Màámi! Àwọn adìẹ ò wọlé o! Wọ́n ń wo ẹnì kan!" Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn sí mi lẹ́nu. Màámi jáde wá, wọ́n wo àwọn adìẹ, wọ́n sì wo ilé. Àwọn adìẹ fò sórí igi ọsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́ láti ìgbà náà lọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo inú ilé, wọ́n á sì gun igi lọ. Ogbe Adúmáadán tó pupa bí ata tẹ́lẹ̀ wá ń funfun bí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán, síbẹ̀ kò kúrò lórí ẹyin rẹ̀. Èmi ni mo ń gbé àgbàdo àti omi lọ fún un. Bí mo bá ti ń fa ọwọ́ yọ, màá rí àmì pupa wẹ́wẹ́ lápá mi, á sì máa ta mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá Àgbà kì í na ọmọ, èékánná ni wọ́n máa ń fi já èèyàn lápá, ibi tí àmì náà wà yẹn gan-an. Mo bo apá mi mọ́lẹ̀, mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ráfíù ní ẹranko máa ń rí ohun tí èèyàn ò rí, wọ́n sì rò pé ìtùnú làwọn ń ṣe! Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé wa. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ máa ń jẹ gúgúrú nínú bébà kan ṣoṣo, fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi. Ó ní wọ́n ní òkú ń sùn nílé adìẹ wa. Mo ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo gbà á gbọ́ ju òun lọ.

Màámi ni mi ò fẹ́ wò mọ́. Wọn ò jẹun kánú. Bí mo bá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á rọra béèrè pé, "Ṣé wọ́n wọlé?" Màá ní, "Rárá, mà." Wọ́n á mirí bí ẹni tí adájọ́ ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn. Nígbà tó yá, wọ́n fa àpótí jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n ń ká aṣọ sínú rẹ̀. "A ó padà sí Ìpetumodù. Ìyá Àgbà ò fẹ́ mi nílé yìí." Mo béèrè pé Adúmáadán ńkọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí à bá lọ, mo rí Màámi tí wọ́n ń lọ sẹ́yìnkùlé láìwọ bàtà. Mo gbé àtùpà tẹ̀ lé wọn. Àwọn adìẹ ti tò síwájú ilé bí ìṣe wọn. Màámi gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí ìgbẹ́ adìẹ. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì wọlé, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé pákó tí orí Ìyá Àgbà sọ di dúdú.

Wọ́n ní, "Màámi, ẹ dákun." Ó jọ mí lójú láti gbọ́ ọ, pé ìyá mi náà ní Màámi tiwọn. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò ní lè dúró dè mí. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Adúmáadán kérora lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ Màámi pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń rìn. Mo ní ó ń rìn! Ó dà bíi pé eruku ló bò ó, eruku náà sì ń lọ sókè sí ọrùn ọwọ́ wọn. Màámi fi ọwọ́ kan ra èkejì, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Wọ́n kígbe, "Pákó ń ṣẹ̀jẹ̀! Yéè, pákó ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ìyá Ráfíù ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà náà. Tomi tomi ni wọ́n fi sáré dé, wọ́n gba àtùpà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í bọ inú ilé adìẹ. Wọ́n wo ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó. Wọ́n tún wo ọwọ́ Màámi. Ni wọ́n bá pòṣé. "Iná adìẹ! Kọ́lá, Ọlọ́run á bi ọ́! Ó kan pákó, kò dí ojú rẹ̀, kòkòrò wá fi ibẹ̀ ṣe ilé! Ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni wọ́n mu yó yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Bó bá di ọ̀sán wọ́n á sá pamọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ̀yin á wọ irú ilé bẹ́ẹ̀?"

Mo na apá mi jáde, mo fi àwọn àmì náà hàn wọ́n. Ìyá Ráfíù bú sẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a ò lọ sí Ìpetumodù. Màámi gbé Adúmáadán, wọ́n fi eérú gbígbẹ ra abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò pọ̀ sí jù. Mo di àwọn ẹyin rẹ̀ sínú aṣọ, mo gbé wọn mọ́ àyà. A sun koríko tó wà nínú ilé náà. A da omi híhó sí gbogbo ojú pákó, nígbà tó gbẹ a fi ìyẹ́ kun kẹrosíìnì sínú àwọn ihò, a sì ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Inú apẹ̀rẹ̀ ni Adúmáadán ti ń sàba títí a fi tún ilé náà fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí Ìyá Ráfíù ní ẹyin kòkòrò kì í gbọ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Òórùn òrí bá kẹrosíìnì lọ. Kò padà wá mọ́ láéláé.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ náà dé, àwọn adìẹ wọlé. Àkùkọ ló ṣíwájú, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ó parí. Mo pàtẹ́wọ́, mo yíjú sí Màámi kí a jọ yọ̀. Omi ń dà lójú Màámi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún tí mi ò rí wọn sun nígbà ìsìnkú.

Mo ní, "Màámi, kòkòrò ni. Ìyá Àgbà ò bínú. Wọn ò sí níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀, Fúnkẹ́. Mo ti rò pé wọ́n wà níbẹ̀ ni. Kí wọ́n bínú sí mi, kí wọ́n ṣáà wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Mo rò pé inú Màámi ò dùn sí nǹkan kan ni. Adúmáadán pa ọmọ, mo sì gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí kan náà, ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ní ìyẹ̀fun apakòkòrò tí mo rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn ẹran, mo mọ bí a ṣe ń lò ó, àwọn ọmọ mi pàápàá mọ̀ ọ́n. Màámi kú lọ́dún tó kọjá. Mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín ìrora mi kù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan láìpẹ́ yìí, mo jáde láti ti ilẹ̀kùn, mo bá àwọn adìẹ mi níwájú ilé wọn. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọ́n kọjú sí inú òkùnkùn.

Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tí màá rí tí mo bá tàn án, mo sì mọ ohun tí mi ò ní rí. Èmi tí mo sá fún òkùnkùn kan náà nígbà èwe, mo fa àpótí ìjókòó, mo jókòó láàárín àwọn adìẹ, mo sì kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màámi."

Mi ò tíì tan tọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti inú ilé.