Ojú Tí Kò Fà Ro Mọ́

Káfíńtà kì í fi lílu ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Bó bá gbá a létí, á dúró wò ó títí ojú rẹ̀ yóò fi fà ro, kó tó gbà pé iṣẹ́ òun pé.

Àìsàn Pákínsìn, tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, wá mú ìyàwó, iṣan ojú rẹ̀ sì gan bí pákó. Lọ́jọ́ kan tó ń gé àlùbọ́sà, ọkọ fi àpótí là á lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ dà sí i láyà, jìnnìjìnnì bò ó, àmọ́ ojú rẹ̀ ò yí padà. Ọkọ tún là á.

“Kí lò ń rò sí mi?”

“Oúnjẹ yín ni, bàbá ọmọ mi.”

Ọkọ wo ọ̀bẹ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú ìyàwó rí i pé aláìsàn òun ti ń sùn dáadáa. Ó ní oògùn òun ló ṣiṣẹ́.