Oògùn Ọ̀rá àti Ojú Làsísì

Ọjọ́ tí Làsísì dá ogún ìdì aṣọ funfun pa dà ni òkìkí rẹ̀ kàn ní ilé-iṣẹ́ aṣọ wọn n'Ìkẹjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwọ̀ wò: bí kò bá fọwọ́ sí i, aṣọ kì í jáde. Ó tú ìdì kìíní, ó ní ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ṣe òmíràn. Ó ní èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níkẹyìn, Job, ọ̀gá wọn, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Làsísì wò ó, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ó ti ran tiyín náà."

Ọdún 1997 ni. Ilé-iṣẹ́ ń tì, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń yẹ àwọ̀ wò tí kò ríran, ilé ló ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Sùlíyá, fà á lọ sọ́dọ̀ Dókítà Olútóyìn l'Ágége.

Dókítà ní ìkùukù ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé ọjọ́ orí máa ń fà á. Làsísì kò gba ti ọjọ́ orí, nítorí ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà wá fi kún un pé àwọn kan ń fura sí oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí Làsísì ti ń lò fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ọkàn ti pa Wahab ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń lò ó. Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í ná oògùn náà bí ẹní ń ná ọjà.

"Dókítà, ẹ jẹ́ n máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ojú lè máa sinmi."

"Bàbá, ọkàn kì í gba ìsinmi. A lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú. Ọkàn tó bá dúró ńkọ́?"

Ó ní kò sẹ́ni tí yóò mú abẹ súnmọ́ ojú tó ń bọ́ òun.

Nílé, ó dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé oògùn mì, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́, kí oògùn má baà mọ̀nà ibẹ̀. Sùlíyá bi í bóyá ojú fèrèsé ni oògùn ń gbà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ní kò kàwé ni. Bẹ́ẹ̀, Sùlíyá ló ní ìwé mẹ́fà nínú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ojú ọ̀tún ló burú jù.

Lọ́sàn-án Sunday kan, àlejò béèrè Sùlíyá. Làsísì ní kò sí nílé. Iwájú rẹ̀ gan-an ni Sùlíyá jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìró ẹ̀wà nínú àwo ni ọkọ rẹ̀ fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi abẹ náà.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí.

"Ìyá Uswat, ta ló ní kí o darúgbó láìsọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ò wojú mi ni."

Làsísì lo oògùn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ní gbogbo ọdún yẹn, bó bá kírun àárọ̀ tán, ojú Sùlíyá ló máa ń kọ́kọ́ wò, á wò ó pẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Sùlíyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò.

Ó ṣì ń lé e.