Ẹ̀rọ Sídì Tí Bàbá Àmínà Rà ní Dùgbẹ̀

Èmi ni mo kọ́kọ́ pe ọkọ mi ní elétíkunkun, kì í ṣe ará àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú u. Màá pè é láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn. Màá ní kó bá mi gbé igi wọlé, á kàn máa wo iwájú. Màá ní, "Bàbá Àmínà, ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn á sì tún bí mi nínú sí i.

Àkíbù ni orúkọ rẹ̀. Àmínà ni àkọ́bí wa, ó wà nílé ọkọ ní Ayétẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gaàrí ni ọkọ mi ní, lẹ́yìn ọjà ní Igbó-Ọrà níbí, ọdún mẹ́tàdínlógún ló sì fi dúró tì í, láti àárọ̀ títí àwọn obìnrin á fi lọ tán. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀, nítorí ariwo ẹ̀. Ọwọ́ la fi ń sọ ọ́. Obìnrin tó bá fẹ́ kó kúnná á fi ìka méjì ra ara wọn. Ẹni tó bá ń kánjú á nawọ́ sí oòrùn. Ọkọ mi mọ gbogbo ẹ̀, ó sì mọ ohun tí ètè ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura sí nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn lẹ́yìn Ọlọ́run àti àwa ará ilé ẹ̀ ni orin àpàlà. Kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin. Tó bá ti kírun Jímọ̀ tán, á wá jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ àti sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kì í gbọ́ orin bí àwa yòókù ṣe ń gbọ́ ọ. Á ní, "Fi olórin sílẹ̀. Gbọ́ ẹni tó ń lu agídìgbo nísàlẹ̀ yẹn, òun ló ru gbogbo orin náà." N kì í gbọ́ nǹkan kan o. Agídìgbo wo? Ọbẹ̀ mi ló wà lórí iná. Á wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ló ń jó agídìgbo, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n, pé kí n lọ ro ọkà mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní rẹ́kọ́ọ̀dù òun ti gbó, agídìgbo ti sá lọ nínú ẹ̀. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó yí ohùn ẹ̀ sókè títí àwọn aládùúgbò fi wá bẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa sídì, pé kì í gbó, kì í há, pé téèyàn bá ra ojúlówó ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́, bí ẹni pé olórin wà ní pálọ̀ ẹni ni. Ó ní òun ò ní ra gbàrọgùdù. Èyí tó dáa jù lòun máa rà, kí agídìgbo òun lè padà wá. Mo ní páànù ilé ń jò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́dún 1996, ó ní kí n múra, kí n bá òun lọ sí Ìbàdàn. Ẹnu yà mí. Ọkùnrin tó ń sọ pé mi ò mọ agídìgbo yàtọ̀ sí odó? Ó ní, "Ìyá Àmínà, ìwọ lo máa bá mi gbọ́ ọ."

Fọlábí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ ní Dùgbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀, ó ní àwọn ló dáa jù lọ́wọ́ òun, ó kù sọ́wọ́ etí wa. Ó fi sídì àpàlà sínú ti àkọ́kọ́. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan yìí, mo gbọ́ bí olórin ṣe mí sínú. Mo gbọ́ agídìgbo tó ń lọ ní tiẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Mo ní háà, ohun tí ọkùnrin yìí ti ń sọ látọjọ́ yìí rèé. Mo yíjú sí i kí n lè sọ fún un, àmọ́ èmi ló tẹjú mọ́. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìkejì."

Fọlábí fi sídì sínú ìkejì, ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn lójú ẹ̀, nọ́ńbà ń sáré. Orin ò jáde. Fọlábí bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ láti lọ wo wáyà. Fáànù nìkan ló ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọkọ mi di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí yàtọ̀. Ẹ gbọ́ agídìgbo yẹn."

Fọlábí gbójú sókè wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó má sọ̀rọ̀. Gbogbo èébú ọdún mẹ́ta ló padà wá bá mi níbẹ̀. Ọjọ́ tí Àmínà gbé ọmọ tuntun wá láti Ayétẹ̀, tó ń kí bàbá ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí bàbá ò yíjú wò ó, mo ní ìgbéraga ni. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tó fi bọ́ wa ti jẹ etí ẹ̀ tán, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé, mi ò mọ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo fi ìborùn nù ún. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti la ojú, ó ń wò mí. Ó wò mí pẹ́.

Ó ní, "Èyí ni. Ẹ bá wa dì í."

Fọlábí ti rí wáyà ṣe nígbà náà, orin ti ń jáde, àmọ́ ohùn ẹ̀ gbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá létí máa mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ dáa jù ú lọ fíìfíì. Fọlábí sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?" Ọkọ mi ní ó dá òun lójú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé kó má rà á torí pé kò gbọ́ nǹkan kan? Lójú àlejò? A gbé e wọ mọ́tò, a gba Ẹ̀rúwà padà sílé.

Àtìgbà náà ni mo ti ń jókòó tì í ní gbogbo Jímọ̀. Mi ò pariwo mọ́ ọn mọ́. Mo máa ń dúró síwájú ẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo rò pé èmi ni mò ń bò ó láṣìírí.

Nígbà tó di ọdún kejì, ní Jímọ̀ kan, ó fọwọ́ kàn mí. "Hàlímọ̀." Kì í pè mí lórúkọ. Ó ní, "Kí a tó lọ sí Ìbàdàn ni mo ti mọ̀ pé etí mi ti lọ. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú ẹ dání, mo ní ojú ẹ ni n ó máa wò. Nígbà tí wọ́n lo àkọ́kọ́, ojú ẹ kàn là bí ojú ẹni tó rí àlejò. Nígbà tí wọ́n lo ìkejì, o sunkún. Mo ní, Àkíbù, ohun tó lè pa obìnrin yìí lẹ́kún, agídìgbo gidi ló wà nínú ẹ̀. Bí èmi ò bá gbọ́ ọ mọ́, kí ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ nílé mi gbọ́ èyí tó dáa jù."

Ó wá bi mí pé ibo gan-an nínú orin yẹn ló pa mí lẹ́kún, kí n fi han òun. Kí ni kí n sọ fún un? Pé kò sí orin kankan níbẹ̀ nígbà tí mò ń sunkún? Sídì yẹn ṣì ń kọ lọ́wọ́. Mo dúró títí ó fi dé ibi tí olórin dákẹ́, tó ku agídìgbo nìkan, mo wá fi ìka lù ú sí i nítan bó ṣe ń lọ. Mo ní, "Ibí yìí ni, Bàbá Àmínà." Ó di ojú, ó ní ó ṣeun.

Gbogbo Jímọ̀ tó kù fún un láyé, ó máa ń bi mí bóyá ó ti dé ibẹ̀, èmi náà á sì fi ìka lù ú sí i nítan. Ó kú nígbà ọyẹ́, lọ́dún 1999. Mo ṣì máa ń fi sídì yẹn sínú ẹ̀rọ. Tó bá ti ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀, mo máa ń pa á.